Owó ọ̀yà ti Providence, owó ilé ti Boston

Bí ẹnìkan bá sọ pé òun ń gba 20 dọ́là ní wákàtí kan ní Amẹ́ríkà, kíá ni ọ̀pọ̀ nínú wa á ti sọ ọ́ di náírà. Ìṣirò yẹn dùn létí, àmọ́ kò wúlò fún ẹni tó ni owó náà, torí ibi tó ti ń gbà á náà ló ti ń ná an. Ìlú ńlá bíi New York ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàpèjúwe ọ̀wọ́n gógó ilẹ̀ náà. Èmi fẹ́ kí n fi ìlú àárín ṣe é, torí níbẹ̀ ni ìgbésí ayé ti yí padà jù láàárín ọdún mélòó kan. Providence ni mo mú, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Rhode Island. Èèyàn 190,934 ni ètò ìkànìyàn 2020 kà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, kò ju mílíọ̀nù kan èèyàn àti díẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀ dáadáa, Yorùbá wà nínú wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará Làìbéríà, Cape Verde, Dominican Republic àti Guatemala. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ń ṣe: nọ́ọ̀sì, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń sùn ti arúgbó àti aláàbọ̀ ara mọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń gba 20 dọ́là náà, tó ń ṣe 40 wákàtí lọ́sẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ á tó bíi 3,467 dọ́là kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìjọba àpapọ̀ á yọ ìdá 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú àwọn àgbà, á tún yọ owó orí. Ìpínlẹ̀ náà á yọ owó orí tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 3.75. Rhode Island tún ń yọ owó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TDI, tí wọ́n ti ń yọ láti 1942. Èyí kò dùn mí, torí òun ló ń gbọ́ bùkátà aláìsàn àti ìyálọ́mọ tí kò lè lọ síbi iṣẹ́, ìpínlẹ̀ tó sì ní irú rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nǹkan bíi 2,800 ló máa dé ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó wá yọ ínṣọ́ránsì ìlera. Ilé oníyàrá méjì ní Providence báyìí sábà máa ń lé ní 2,000 dọ́là lóṣù.

Ẹni tó ń gba 20 dọ́là ṣì rọ́wọ́ mú. Ọ̀yà tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Rhode Island di 16 dọ́là ní Oṣù Kìíní 2026. Ó ju ìlọ́po méjì 7.25 tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2009 tí kò sì yí padà láti ìgbà náà. Síbẹ̀, 16 dọ́là já sí 2,773 lóṣù kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń wọn owó ilé ni pé kó má ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé lọ, èyí tó jẹ́ 832 dọ́là fún ẹni yìí. Ohun tí 832 lè gbà ní Providence ni yàrá kan nínú ilé ẹlòmíràn, kí ẹ jọ máa lo ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Kódà nínú àkójọ tí HousingWorks RI, ẹ̀ka ìwádìí kan ní Roger Williams University, gbé jáde ní 2024, kò sí ìlú kan ṣoṣo ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà tí ayálégbé tí owó rẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn ti lè gba ilé oníyàrá méjì láì kọjá ìdá 30 yẹn.

Báwo ló ṣe dé ibẹ̀? Boston ni ká kọ́kọ́ wò. Kò ju nǹkan bí 50 máìlì lọ sí Providence. Réluwé MBTA ń lọ láàárín ìlú méjèèjì, ó ń gba ju wákàtí kan lọ díẹ̀, 12.25 dọ́là sì ni owó ọkọ̀ ìrìn kan. Nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń lọ sí ọ́fíìsì, ìrìn yẹn ni odi tó ń dáàbò bo Providence, torí ìwọ̀nba èèyàn ló lè fara dà á. Kòrónà dé ní 2020, ọ́fíìsì ní kí òṣìṣẹ́ máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Nígbà tí wọ́n tún pè wọ́n padà, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ń lọ. Odi wó. Ẹni tó ń gba owó oṣù Boston wá rí i pé owó tóun ń san lórí yàrá kan lè gba ilé tó láyè dáadáa ní Providence. Lójú tirẹ̀, Providence pọ́ọ́kú ni. Onílé náà mọ̀ pé ó pọ́ọ́kú lójú rẹ̀, ó sì ń fi owó kún un.

Èyí ni mo rò pé ó ń jẹ ìlú àárín níyà jù lọ. Ó sún mọ́ ìlú ńlá débi tí owó ilé ìlú ńlá fi ń bá a níbẹ̀, àmọ́ owó ọ̀yà ìlú ńlá kì í bá a dé. Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Elmwood, àdúgbò kan ní Providence, kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tó máa san owó Boston fún un ní Providence.

Providence ti ní ọ̀yà tirẹ̀ rí. Ìlú ilé-iṣẹ́ ni: aṣọ ni wọ́n ń hun níbẹ̀, ohun èlò fàdákà ni wọ́n ń rọ, ẹ̀gbà àti yẹtí tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ń lọ jákèjádò Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn kógbá sílé tàbí kí wọ́n kó lọ sókè òkun nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń lọ sópin. Yunifásítì àti ilé ìwòsàn ló wá di ọ̀gá iṣẹ́ nílùú. Ibẹ̀ ni ìṣòro kan tún wà, torí irú àjọ bẹ́ẹ̀ kì í san owó orí lórí ilẹ̀ àti ilé tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ wọn. Ní 2023, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga mẹ́rin, Brown, RISD (ti iṣẹ́ ọnà), Johnson & Wales àti Providence College gbà láti fún ìlú ní ohun tó lé ní 223 mílíọ̀nù dọ́là láàárín 20 ọdún. Owó gidi ni, àmọ́ kò dé iye tí wọn ì bá san ká ní onílé bíi ti gbogbo ayé ni wọ́n. Ohun tó bá kù, àwọn onílé yòókù ló ń san án. Ta ni onílé ń gbé e lé lórí? Ẹ̀yin náà mọ̀.

Nígbà tí èèyàn bá ń pọ̀ sí i, ilé ló yẹ kó pọ̀ sí i. Rhode Island wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń kọ́ ilé tuntun kéré jù ní Amẹ́ríkà bí a bá fi wé iye èèyàn wọn. Òfin ilẹ̀ ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tó yí Providence ká, ilé ìdílé kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ fífẹ̀ lòfin gbà láyè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èyí tí ìdílé mẹ́fà lè gbé á lọ síwájú ìgbìmọ̀. Níbẹ̀ ni àwọn aládùúgbò á ti wá sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ tí kò ní ríbi gúnlẹ̀, lórí omi, lórí ilé ìwé tó ti kún. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa á gbọ́ èyí tí wọn ò sọ jáde: wọn ò fẹ́ ayálégbé ládùúgbò. Òfin ìpínlẹ̀ ní kí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ilé ìlú kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tí apá mẹ̀kúnnù ká. Ìlú 39 ló wà ní Rhode Island. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló dé ìdá 10 yẹn, Providence sì wà lára wọn. Àwọn tó lówó jù ló jìnnà síbẹ̀ jù.

Ilé kan wà láàárín ìgboro Providence tí ìtàn rẹ̀ yẹ ká mọ̀. Industrial Trust ni orúkọ rẹ̀, ilé Superman ni àwọn ará ìlú ń pè é. Àjà 26 ni, 1928 ni wọ́n parí rẹ̀, òun ló ga jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Láti 2013 tí báńkì tó ń lò ó ti kó jáde, ó ṣófo. Ní Oṣù Kẹrin 2022 wọ́n kéde pé ilé gbígbé 285 máa wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ náà á sì ná wọn ní bíi 220 mílíọ̀nù dọ́là. Owó ohun èlò ìkọ́lé gòkè, èlé báńkì gòkè, ìṣirò dàrú. 2025 parí, kò sí ẹni tó kó wọ ibẹ̀. Ẹ wò ó: owó ilé tí ó pọ̀ jù fún ayálégbé ni ó tún kéré jù láti gbé ẹrù ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Ẹni tó bá ń sọ pé ọjà á tún ara rẹ̀ ṣe yẹ kó gba abẹ́ ilé yẹn kọjá.

Ilé alájà mẹ́ta ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló kan tiwa jù. Àwọn ilé onípákó ni wọ́n, ìdílé kan ní àjà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ rọrùn: ra ilé náà, gbé àjà kan, fi méjì yòókù háyà, kí owó háyà máa bá ọ san gbèsè báńkì. Àwọn ará Ireland àti Ítálì gba ọ̀nà yẹn di onílé, àwọn tó dé lẹ́yìn wọn náà tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Yorùbá tó dé láìpẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí ilé tí onílé àti ayálégbé jọ ń gbé kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó dàgbà ní Mushin tàbí ní Mọ́kọ́lá. Ẹ̀yáwó FHA, tí ìjọba àpapọ̀ ń dúró fún, gbà kí èèyàn fi ìdá 3.5 péré sílẹ̀ lórí ilé tí kò ju ìdílé mẹ́rin lọ, bó bá jẹ́ pé òun náà máa gbé inú rẹ̀. Lórí ilé 600,000 dọ́là, 21,000 nìyẹn. Àjọ tí a ń dá lè gbé e. Àmọ́ báńkì á béèrè ibi tí owó tó ṣàdédé wọlé ti wá, àjọ kì í sì í ní rìsíìtì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gba àjọ ṣáájú, kí owó ti jókòó sínú àkáǹtì fún oṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó lọ bá báńkì.

Ọ̀nà yẹn ló ti dí báyìí, èlé ló sì dí i. Ní 2021, èèyàn lè rí ẹ̀yáwó ilé ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí Oṣù Kẹwàá 2023 fi ń parí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 8. Ẹ mú 579,000 dọ́là tó kù lórí ilé 600,000 wa, ẹ pín in sí 30 ọdún. Ní ìdá 3, sísan oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi 2,440. Ní ìdá 7, ó di 3,850, láì tíì ka owó orí ilé àti ínṣọ́ránsì. FHA tún ní ìdánwò kan fún ilé ìdílé mẹ́ta àti mẹ́rin: ìdá 75 owó háyà gbogbo ilé náà gbọ́dọ̀ tó san gbèsè rẹ̀ lóṣù. Ní ìdá 3 ọ̀pọ̀ ilé yege. Ní ìdá 7 wọ́n ń feyín gbolẹ̀, ẹni tó sì ní owó lọ́wọ́, tí kò nílò báńkì, ló ń rà wọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbé àjà kìíní. Ohun mìíràn tún ni pé ẹni tó ti ní ẹ̀yáwó ìdá 3 lọ́wọ́ kò ní tà, torí bó bá tà, èlé tó ga ju ìyẹn lọ dáadáa ló máa fi ra òmíràn. Ilé tó wà lọ́jà wá kéré. Iye àárín tí wọ́n ń ta ilé ìdílé kan ní Rhode Island jẹ́ 285,000 ní 2019, ó di 475,000 ní 2024.

Lílé èèyàn jáde bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun nílùú náà. Fox Point, létí omi, jẹ́ àdúgbò àwọn ará Cape Verde tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Títì ńlá I-195 la ibẹ̀ kọjá, àwọn tó sún mọ́ yunifásítì sì ń ra èyí tó kù, títí àwọn tó ni àdúgbò fi tú ká lọ sí East Providence àti Pawtucket.

Lẹ́yìn owó ilé ni iná. Ilé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, afẹ́fẹ́ òtútù ń gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ ó sì máa mú gbogbo ayé gbóná. Èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná agbègbè New England, gáàsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Páìpù gáàsì tó wọ agbègbè náà kò pọ̀. Bí òtútù bá mú gidi, gáàsì kan náà ni ilé fẹ́ fi móoru, òun náà ni ilé-iṣẹ́ iná fẹ́ fi ṣiṣẹ́, ìyókù á wá fi ọkọ̀ ojú omi dé ní iye tí gbogbo ayé ń rà á. Ìdí nìyí tí ogun Ukraine ní 2022 fi hàn nínú ìwé iná ẹni tó ń gbé ní Olneyville, àdúgbò kan ní Providence. Òfin ìpínlẹ̀ kò gbà kí wọ́n já iná àwọn aláìní àti àwọn kan mìíràn láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá sí ọjọ́ 15 Oṣù Kẹrin. Gbèsè náà kò tìtorí ìyẹn lọ. Ọjọ́ 16 Oṣù Kẹrin ń dé.

Ti oúnjẹ kò pọ̀ lẹ́nu mi. Rhode Island kì í gba owó orí ọjà ìdá 7 rẹ̀ lórí oúnjẹ tí a máa sè nílé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ilé oúnjẹ ni wọ́n ń gba ìdá 8. Ẹyin tó di 6.23 dọ́là ní méjìlá ní Oṣù Kẹta 2025 torí àìsàn adìyẹ ti wálẹ̀. Iṣu Gánà ni iṣu wa níbẹ̀, Amẹ́ríkà sì bu owó ibodè ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé ẹrù Gánà àti ti Nàìjíríà ní Oṣù Kẹjọ 2025. Wọ́n yọ àwọn oúnjẹ kan kúrò níbẹ̀ nígbà tó di Oṣù Kọkànlá, àmọ́ ẹ ti bá ọlọ́jà ṣe rí: iye kì í wálẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Oṣù Kọkànlá yẹn náà ni owó SNAP tí aláìní fi ń ra oúnjẹ kò wọlé lásìkò, torí ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn pa lórí ọ̀rọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ ńkọ́? Bọ́ọ̀sì RIPTA ń gba 2 dọ́là, àmọ́ ní Oṣù Kẹsàn-án 2025 wọ́n dín iṣẹ́ rẹ̀ kù lórí ọ̀pọ̀ ìlà nítorí àìtó owó. Ẹni tó ń wọ iṣẹ́ ní aago mọ́kànlá òru ní Warwick, ìlú kan nítòsí Providence, kò lè gbára lé e. Ó gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀, kó san ínṣọ́ránsì, kó ra epo. Wọ́n ti fagi lé owó orí ọkọ̀ tí ìlú ń gbà láti 2022, ìyẹn ran èèyàn lọ́wọ́. Àmọ́ ní Oṣù Kejìlá 2023 wọ́n ṣàdédé ti apá kan Washington Bridge pa nítorí pé ó ti bàjẹ́. Afárá tó so ìlà-oòrùn pọ̀ mọ́ Providence ni, ìgbà tí tuntun máa parí ni 2028. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ ti di ara owó ọ̀yà àwọn èèyàn: wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò san fún.

Ìdílé tó bá ní ọmọ kékeré méjì, owó tí wọ́n ń san fún olùtọ́jú ọmọ lè sún mọ́ owó ilé. Ohun tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya wa ń ṣe ni kí bàbá ṣe iṣẹ́ òru kí ìyá ṣe ti ọ̀sán, kí wọ́n máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Tàbí kí ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó wá láti ilé, ẹni tí físà àbẹ̀wò sábà máa ń fún ní oṣù mẹ́fà. Màmá á wẹ ọmọ, á se ọbẹ̀, á sì padà lọ. Wọ́n á wá ìyá kejì. Gbogbo bùkátà yìí ni owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní 2026, ìdá 1 owó orí àpapọ̀ tún wà lórí èyí tí èèyàn bá fi owó pépà san níbi ìfowóránṣẹ́; èyí tó bá ti àkáǹtì báńkì tàbí káàdì rẹ̀ lọ kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń háyà ní Rhode Island yẹ kó mọ òfin mélòó kan. Owó ìdúró tí onílé lè gbà sọ́wọ́ nítorí ohun tó bá bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju háyà oṣù kan lọ. Láti 2024, kò gbọ́dọ̀ gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ilé. Ẹni tí háyà rẹ̀ bá fi ọjọ́ 15 kọjá, onílé lè fún un ní ìwé pé kó san án láàárín ọjọ́ márùn-ún, kó tó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ó yára ju bí ẹni tó ti Èkó wá ṣe lè rò lọ. Ní Èkó, ọdún ni a ń san, ìjà wa pẹ̀lú onílé sì ní àsìkò tirẹ̀. Níbẹ̀, ìjà náà lè dé lóṣooṣù.

Kí ni ìjọba ń ṣe? Wọ́n ti ná 250 mílíọ̀nù dọ́là owó ìrànwọ́ kòrónà sórí ilé, àwọn olùdìbò sì fọwọ́ sí 120 mílíọ̀nù mìíràn ní Oṣù Kọkànlá 2024. Àwọn aṣòfin ti ń tú òfin ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 2024 wọ́n gba onílé láyè láti kọ́ ilé kékeré kan kún ilẹ̀ rẹ̀. Láti Oṣù Keje 2026, owó orí tuntun máa wà lórí ilé tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là tí onílé kì í gbé. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú Providence tún gbé àbá kan dìde pé kí owó háyà má gòkè ju ìdá 4 lọ́dún lọ, olórí ìlú, Brett Smiley, sì tako ó. Òun ní kí wọ́n kọ́lé sí i.

Àwọn tó tako ó ń tọ́ka sí St. Paul ní Minnesota, tó dìbò fún ìdá 3 ní 2021. Àwọn tó ń kọ́lé sá fún ìlú náà, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìgbìmọ̀ ìlú ti yọ ilé tuntun kúrò nínú òfin náà. Èmi ò rí ìdí tí Providence kò fi lè kọ́ nínú ìyẹn, kó dá ààlà fún ilé àtijọ́ kó sì fi tuntun sílẹ̀. Àmọ́ ìlú kan ṣoṣo kò lè yanjú rẹ̀ nígbà tí àwọn tó yí i ká bá ṣì ń ti ilẹ̀kùn. Ní báyìí, ẹni tí Providence bá le koko mọ́ ń lọ sí Pawtucket, tàbí Woonsocket, tàbí kó kọjá ààlà lọ sí Fall River ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní Oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n ṣí ibùdó réluwé tuntun fún Pawtucket àti Central Falls, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì. Láti ibẹ̀ sí Boston, nǹkan bíi wákàtí kan ni.